Ọmọ Mẹ́sàn-án Tí Mo Lọ Yá ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin ará Òkè-Ọ̀pẹ, láti ìgbà tí mo ti dé lẹ ti ń da ìbéèrè bò mí: báwo ni Èkó ṣe rí, kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, ṣé lóòótọ́ ni wọn kì í kí ara wọn? Orúnkún mi ò gbà kí n máa rò ó láti ilé dé ilé, ìyẹn ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣì ríran, kó kà á fún ẹni tí tirẹ̀ ti lọ. Ẹni tí etí rẹ̀ ti di, kó máa wo ẹnu ẹni tó ń kàwé.

Ìwé yìí lè bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ ìlú wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí, ọ̀dọ́ sì ni mí. Ní Òkè-Ọ̀pẹ, tí wọ́n bá ní kí ọmọdé dìde lọ bu omi wá níbi ìpàdé, èmi ni gbogbo ojú máa ń wò. Alága ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ wa ti ní ọmọ-ọmọ méje, Èkó ni gbogbo wọn wà. Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà tiwa kún fún àgbà dẹ́nu, orí ọmọ tuntun ni a ò rí tún ṣe.

Èmi ni tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tí a ní. Wọ́n ti fún mi níwèé ìfẹ̀yìntì tipẹ́, wọ́n kàn gbàgbé láti rán ẹlòmíràn wá ni. Ọmọ mọ́kànlá ni mo ń kọ́, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, nínú yàrá kan. Ní ìparí táàmù, ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ó mu omi tútù, ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wa, ó wá sọ pé bí ọmọ ò bá pé ogún nígbà tí a bá wọlé, wọ́n á ti ilé ìwé náà pa, wọ́n á da àwọn ọmọ pọ̀ mọ́ ti Ìsàlẹ̀-Odò.

Ìsàlẹ̀-Odò ò jìnnà sí ẹni tó bá ní mọ́tò. Fúnmiláyọ̀ ò ní mọ́tò. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ, ìyá àgbà tó ń tọ́ ọ ò sì ríran dáadáa. Òun ló mọ̀wé jù nínú gbogbo wọn. Bí ilé ìwé bá lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò, ìwé Fúnmi parí nìyẹn. Mo ṣàlàyé èyí fún ọ̀gá náà. Ó ní ó dun òun gan-an, ó sì mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì sí i.

Ẹ rántí bí a ṣe pèpàdé. Ẹnìkan nínú yín, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ní ṣebí nígbà tí ìjọba bá fẹ́ kànìyàn, àwọn ọmọ wa máa ń wálé láti Èkó kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ wa. Ó ní kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀ náà fún ti ilé ìwé. Àwọn ọmọ Òkè-Ọ̀pẹ tó wà ní Ajégúnlẹ̀ ń bímọ bí ẹni tí wọ́n ń lé, kí wọ́n yá wa ní mẹ́sàn-án, ó kéré tán fún ọdún kan. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ ní èmi ni kí n lọ, nítorí èmi ni ọmọdé.

Àwọn ilé ńlá

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà dà yín láàmú. Mo sùn, mo jí, ẹnìkan ti sùn lé mi léjìká, a dé. Délé ọmọ mi ló wá pàdé mi. Ẹ mọ Délé, ẹni tó máa ń jí máńgòrò ká lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ti di ẹ́jẹ́ǹtì ní Àpápá báyìí, ó ń bá àwọn tó kó ẹrù wọ̀lú gba ẹrù wọn jáde ní pọ́ọ̀tù. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun, nítorí náà ẹni tó bá ní ọmọ Èkó kì í kí ènìyàn, irọ́ ló pa. Ààbọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ wà nílẹ̀.

A gba Liverpool Road kọjá. Mo rí tírélà. Mo mọ̀ pé ẹ ti rí tírélà rí, èyí tó máa ń wá kó gẹdú lọ́dọ̀ wa. Ti ibẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn lọ kánrin. Awakọ̀ kan na ẹní sábẹ́ tirẹ̀, ó ń sùn. Òmíràn ti fọṣọ, ó sá a sára irin, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀.

Mo bi Délé pé, "Ṣé wọ́n ń lọ ni àbí wọ́n ń bọ̀?"

"Màámi, wọ́n kàn wà níbẹ̀ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn la bọ́ sáàárín àwọn ilé ńláńlá, tí igi wà lágbàlá wọn, onífèrèsé gíga bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo bèèrè ẹni tó ń gbé inú ti àkọ́kọ́. Délé ní ọ́fíìsì ni. Èkejì ńkọ́? Ibi ìkẹ́rùsí ni. Ẹ̀kẹta ńkọ́? Ó ní òyìnbó ló ń gbébẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti lọ, mẹ́gáàdì nìkan ló kù. Mo wò ó, mo rí bàbá arúgbó kan tó jókòó síwájú ilé oníyàrá púpọ̀, tó ń dúró de onílé tí kò ní dé mọ́. Ara mi balẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó jọ ilé.

Mo kí bàbá náà. Ó dáhùn, ó bi mí léèrè ọmọ, ó bi mí léèrè ìrìn. Òun nìkan ló bi mí ní gbogbo ọjọ́ yẹn.

Ibi tí àwọn ènìyàn wà

Olódì-Àpápá ni Délé ń gbé pẹ̀lú Bùkọ́lá ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́rin, nínú yàrá méjì. Bùkọ́lá kúnlẹ̀ dáadáa, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó fún mi ní ìrẹsì àti ẹja títúùsì tó tóbi, ó sì bu omi fún mi láti inú fíríìjì, eyín mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá bá mi gbé nílé fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó ṣàgbà wò mí tàánú-tàánú. Ó ní, "Grandma, network dey there?" Mo ní ó wà, tí ènìyàn bá gun òkè lẹ́yìn ilé ìwé, tí kò sì sí òjò. Ó padà sídìí fóònù rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rékọjá sí Ajégúnlẹ̀ láti lọ kí àwọn ènìyàn wa. Ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n wò lákọ̀ọ́kọ́, ilé gígùn tí yàrá kojú sí yàrá, tí ọ̀nà tóóró kan là á láàárín. Àwọn ọmọ wà níbi gbogbo. Wọ́n wà lórí àtẹ̀gùn, wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan wà nínú bàsíà, wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń ké. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n, iṣẹ́ mi ni. Mo ti dé mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kó tó yé mi pé àwọn kan ń sáré yí ilé po, mo ti ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ nínú ara mi pé tí mo bá bu mẹ́sàn-án nínú èyí, wọn ò ní mọ̀ títí di Kérésì.

Ní ti ìwà wọn, ẹ má bẹ̀rù, wọ́n mọ̀wàá hù. "Mummy" ni gbogbo wọn ń pè mí. Ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun ju orí mi lọ ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún," ó sì gbé garawa kọjá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọmọ kan lórúkọ nínú ilé náà ní àárọ̀, òmíràn ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọn ò tilẹ̀ dá àga tí wọ́n háyà padà mọ́. Lọ́dọ̀ wa náà, a kì í dá àga padà. Àmọ́ ìsìnkú la fi ń lò ó.

Mo wo ilé ìwé wọn. Àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, nítorí àyè ò gbà wọ́n papọ̀. Mo yọjú sí kíláàsì kan, mo rí tíṣà tó dúró mọ́ ògiri bí ẹni tí wọ́n ká mọ́. Mo bi í iye ọmọ tó ní. Ó ní òun ti pa kíkà tì, òun kàn ń wò bóyá wọ́n ṣì ń mí. Mo fẹ́ sunkún fún un, mo tún fẹ́ jí díẹ̀ nínú wọn kó.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé mi ò rí arúgbó kankan tó jókòó síta. Mo bèèrè ibi tí wọ́n kó wọn sí. Ọmọbìnrin kan fi ọwọ́ hàn mí ní ìpẹ̀kun ọ̀nà inú ilé. Ibẹ̀ ni mo ti bá Bàbá Jékọ́ọ̀bù, lórí àga onírọ́bà, ó kọjú sí ògiri nítorí pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń múra nínú yàrá.

Ọmọ Òkè-Ọ̀pẹ ni bàbá yìí. Mo ṣì wà ní kíláàsì kìíní nígbà tó kúrò nílé. Wọ́ọ̀fù ní Àpápá ló ti ṣiṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ru àpò jáde nínú ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀yìn náà kò tíì nà padà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí ni pé, "Tíṣà, igi ọsàn ẹ̀yìn ilé wa ńkọ́?" Mo ní ó wà níbẹ̀. Mi ò sọ pé ilé ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó nàka sí báàgì kan tó fi kọ́ ìṣó, ó ní láti ọjọ́ tóun ti fẹ̀yìn tì lòun ti palẹ̀ mọ́. Ọmọ òun ló ń sọ pé kóun dúró di Kérésì, Kérésì sì ti kọjá lọ́pọ̀lọpọ̀.

Bàbá mú mi lọ jẹun níbi tí wọ́n ń pè ní Coconut, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn mẹkáníìkì ti ń tú tírélà. Obìnrin kan ń ta ẹ̀wà àgànyìn níbẹ̀. Ata rẹ̀ dúdú bí ọ́ìlì tí wọ́n ń tú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù bà mí kí wọ́n má ti ṣèèṣì pààrọ̀ méjèèjì. Mo fi búrẹ́dì jẹ ẹ́ tán, mo ní kó tún bù sí i. Bàbá ò jókòó, ìdúró ló ti jẹ tirẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe máa ń jẹun ní wọ́ọ̀fù, ẹni tó bá jókòó ò ní lè dìde mọ́.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ilé ìwé wa fún un, mo sọ ti Fúnmi. Ó fi búrẹ́dì nu abọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wá ní, "Tíṣà, ìwé tí mo ti fẹ̀yìn rù pọ̀ ju èyí tí ẹ ti kà lọ. Páálí ńláńlá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ẹyọ kan."

Ìpàdé àwọn ọmọ ìbílẹ̀

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Ọ̀pẹ, ẹ̀ka ti Àpápá, pé jọ nínú kíláàsì kan ní Olódì. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ tó máa dùn yín: àwọn tó wá sípàdé wọn pọ̀ ju àwọn tó kù nílé lọ. Wọ́n ní alága, wọ́n ní igbákejì alága, wọ́n ní ẹni tó ń bá ẹni tó bá pẹ́ wí. Wọ́n gbàdúrà fún ìlú wa pẹ́ títí. Alága dìde, ó ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni ò dìde.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo sọ ti ọmọ mọ́kànlá, mo sọ ti ogún, mo sọ ti ẹsẹ̀ Fúnmi. Àwọn obìnrin nu ojú. Mo wá ní ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bá wá, kí wọ́n yá mi fún ọdún kan, mo máa bọ́ wọn, mo máa kọ́ wọn, kò sí ẹni tí ó kú nínú àwọn tí mo ti kọ́ rí. Ojú gbẹ. Ẹnu sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Ti ẹnìkan, ọ̀la ni ọmọ rẹ̀ ní ìdánwò. Ti ẹnìkan, ọmọ náà kì í jẹ iṣu. Ti ẹlòmíràn, bàbá ọmọ á ní láti mọ̀ sí i, ó sì ti rìnrìn-àjò. Bàbá ọmọ náà wà lórí àga kejì sí i.

Bọ́lá ló wá dìde. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ onígáàrí, ó ti di nọ́ọ̀sì. Ó kúnlẹ̀ kó tó lanu.

"Ẹ má bínú, Mà. Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń mú pàṣán lọ́wọ́, tí ẹ máa ń ní, 'Kàwé, àbí Òkè-Ọ̀pẹ lo fẹ́ kú sí?' Mo kàwé, Mà. Gbogbo wa la kàwé."

Lóòótọ́ ni mo máa ń sọ ọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ ọ́, pàápàá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sì máa ń yangàn tí ẹnìkan bá ti di báàgì rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Mo jókòó.

Alága rí i pé ojú mi ti yí padà. Ó ní kò ní ṣẹlẹ̀ láyé kí àgbà wá láti ilé kó tún padà lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, mẹ́sàn-án ni mo bèèrè, mẹ́sàn-án ni wọn yóò kó fún mi kó tó di Ọjọ́bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n pín mínírà.

Nígbà tí a délé, mo ní, "Délé, fún mi ní méjì nínú tìrẹ."

Ó wolẹ̀. "Màámi, kí ni wọ́n máa dà níbẹ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé wọ́n á dà bíi tìrẹ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Òun ló tún sọ̀rọ̀, ó ní kí èmi náà kúkú dúró tì wọ́n. Bùkọ́lá nílò ẹni tí á máa lọ mú àwọn ọmọ ní ilé ìwé, bẹ́ẹ̀dì wà, iná sì ń wá. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ sọ pé mi ò ní padà: mo rò ó. Mo rò ó fún odidi ọjọ́ méjì. Ojú Fúnmi ni kò jẹ́ kí n gbà.

Ẹ̀bùn

Ní Ọjọ́bọ̀, mo ti di ẹrù mi, mo ti ra bisikíìtì fún àwọn ọmọ tí mo fẹ́ mú lọ. Mo jáde síwájú ilé. Mẹ́sàn-án ni mo bèèrè, mẹ́sàn-án ni wọ́n kó wá. Èyí tó kéré jù nínú wọn jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ìyá àti bàbá tí wọ́n ti kó wá sí Èkó láti wá gbọ́mọ ni. Ọmọ tí wọ́n wá gbé ti ń wọ bàtà bàbá rẹ̀, yàrá ò sì gba gbogbo wọn mọ́. Wọ́n dúró lórí ìlà, tòun ti báàgì, bí ọmọ kíláàsì kìíní tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀. Ìyá kan gbé Bíbélì dání, òmíràn gbé póò. Bàbá Jékọ́ọ̀bù ló wà níwájú, ó ti fọ bàtà wọ́ọ̀fù rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Alága fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mà, a jókòó lé e. A ní kí ni ìlú nílò? Ìlú nílò ènìyàn. Èyí tí apá wa ká nìyí." Ó fi búrẹ́dì gígùn méjì lé e.

Ìyá tó gbé póò bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Tíṣà, ṣé ọmọ mi mọ̀ pé mò ń lọ ni?"

Ọmọ rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́yìn wa, ó ń wo fóònù. Mo ní ó mọ̀, Ìyá, ó ní kí n tọ́jú yín. Mo pín bisikíìtì náà fún wọn. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ilé

Èyí tó kù, ojú yín ló ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó bú mi, ṣùgbọ́n mo kó àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ní ọjọ́ tí ọ̀gá náà padà wá. Mo pe orúkọ láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Mo pe Fúnmiláyọ̀, ó dáhùn. Mo pe Jékọ́ọ̀bù, bàbá ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin dìde, ó ní, "Mo wà níbí, Mà." Ọ̀gá ka orí. Ó pé ogún géérégé.

Ó ní, "Màmá, àwọn wọ̀nyí ti dàgbà jù."

Mo ní, "Ẹ ò bá mi sọ ti ọdún, sà. Iye orí lẹ sọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kọ mọ́kànlá sínú ìwé rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kó bẹ́ǹṣì lọ.

Ẹ máa wá wo ìdàgbàsókè ìlú wa ná. Ènìyàn mẹ́sàn-án la fi lé sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo, obìnrin kankan ò sì rọbí. Ìjọ wa ti kún, ikọ́ wa ti pọ̀ sí i, àga ìsìnkú ò sì níí sinmi.

Ní ti Fúnmi, Bàbá Jékọ́ọ̀bù gba táyà kẹ̀kẹ́ méjì àti pákó bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣẹ́, ó kan ọmọlanke. Àràárọ̀ ló ń fi tì í lọ sí Ìsàlẹ̀-Odò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó rọra. Ó ní àpò sìmẹ́ǹtì kan wúwo ju ọmọ náà lọ, sìmẹ́ǹtì ò sì kọrin fóun rí. Nítorí pé kò lè lọ kó bọ̀ kó tún lọ, ó máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì kìíní títí wọ́n á fi jáde. Tíṣà ibẹ̀ fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó ti lè kọ ìdajì orúkọ rẹ̀ báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn méjèèjì yà sọ́dọ̀ mi. Fúnmi mú àròkọ rẹ̀ wá kí n bá a wò ó, "Ibi tí mo fẹ́ gbé nígbà tí mo bá dàgbà." Mo kà á. Ó kọ ọ́ pé Ajégúnlẹ̀ lòun fẹ́ gbé, nínú ilé gígùn tí ọmọ pọ̀ sí, tí Bàbá máa ń sọ fún òun lọ́nà. Ó ní òun á máa wálé ní Kérésì.

Mo fi báírò pupa wá àṣìṣe láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí ẹyọ kan. Mo fún un ní mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

Bàbá na ọrùn láti orí ọmọlanke. "Tíṣà, kí ló kọ síbẹ̀?"

Mo ní kó ní sùúrù. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, á lè kà á fúnra rẹ̀.